Ẹ Bi Nọ́ọ̀sì: Tòmátì Àkùrọ̀ Ń Yún Mi Lára

Nọ́ọ̀sì wa, ọ̀kun o. Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti dé ni mo ti ń sín. Mo gbin tòmátì àti ìgbá sí àkùrọ̀ létí odò. Bí mo bá ti fọwọ́ kan ewé, ọwọ́ mi á máa yún dé ìgúnpá, á lé kókó-kókó, ojú mi á pọ́n. Lọ́jọ́ tí mo fa ìdí tòmátì tó ti gbẹ tu, àyà mi dún fíì-fíì mọ́jú. Ọlọ́ògùn kan ní ibà ni. Mo ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń ṣe oko yìí, nǹkan kan ò ṣe é. Aládùúgbò mi ní kí n lọ wádìí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Inú yàrá ni mò ń kó agbọ̀n tòmátì sí kí ewúrẹ́ má bàa jẹ ẹ́. Mo fẹ́ẹ̀ gbàgbé: nǹkan pupa wínníwínní kún abẹ́ ewé náà, pẹ̀lú òwú bíi ti aláǹtakùn.
— Ìyá Ìbejì, Kàbà

Ìyá Ìbejì, ọ̀kun o. Ohun tí ẹ fẹ́ẹ̀ gbàgbé yẹn gan-an ni ì bá ṣáájú lẹ́tà yín.

Ẹ mú bébà funfun, ẹ gbọn ewé kan sórí rẹ̀, kí ẹ dúró díẹ̀. Bí àwọn èérún náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, ẹ ti rí wọn nìyẹn. Kòkòrò tí òyìnbó ń pè ní spider mite ni wọ́n: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n, ìbátan aláǹtakùn àti eégbọn. Èyí tó tóbi jù nínú wọn kò ju nǹkan bí ìdajì mìlímítà lọ. Oje ewé ni wọ́n ń mu, ìyẹn ló ń mú kí ewé ní tótòtó ràkọ̀ràkọ̀ kó tó gbẹ. Wọn kì í bu ènìyàn jẹ. Ara wọn àti ìgbẹ́ wọn ló ń di eruku tí ẹ ń fà símú, tó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ yín. Ara ẹlòmíì kò gbà á rárá. Àléjì ni a ń pè é. Ara ọkọ yín gbà á, tiyín kò gbà á; kò sí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ kankan tí ẹ ń wádìí níbẹ̀. Ní Kòríà Gúúsù, àwọn dókítà ti rí irú rẹ̀ lára àwọn tó ń gbin ọsàn àti ápù.

Irun ara ewé tòmátì fúnra rẹ̀ máa ń yún ni, oògùn tí a fín sí i náà sì lè ṣe é. Ṣùgbọ́n ìdí gbígbẹ tí ẹ fà tu yẹn ló jẹ́ kí n fura jù, torí ibẹ̀ ni òkú kòkòrò àti eruku wọn pọ̀ sí. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọjọ́ tí ẹ lọ oko àti ọjọ́ tí ẹ ò lọ sílẹ̀, àti bí ara ṣe rí. Mi ò ní kí ẹ máa mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kàn án láti fi dán an wò o. Ẹ mú ìwé yẹn lọ bá dókítà, nítorí àyà tó ń dún kì í ṣe ti ọlọ́ògùn. Bí ètè tàbí ahọ́n bá wú, tàbí tí èémí kò já gaara, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Fún yíyún àti sísín, loratadine tàbí cetirizine 10 mg lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ máa ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Kí ẹni tó lóyún tàbí tó ń fọ́mọ lọ́mú kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ dókítà. Piriton máa ń kun ènìyàn lóorun, ẹ má lò ó kí ẹ tún gun ọ̀kadà.

Ní ti oko, ẹ má ṣe ohun tí èmi ṣe. Ní Ìsánlú, mo rí wọn lára ìgbá mi, mo fín oògùn apakòkòrò tó wà nílé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ! Àwọn kòkòrò tó ń jẹ wọ́n ni mo pa. Omi ni kí ẹ fi lu abẹ́ ewé, kí ẹ tún fín ọṣẹ olómi sí i, ṣíbí kékeré kan sí lítà omi kan, nírọ̀lẹ́ tí oòrùn ti rọ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún sí méje, torí nínú ooru, ẹyin wọn lè di àgbà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí ọkọ yín máa ṣe èyí, kí òun náà sì máa fa ìdí gbígbẹ, lẹ́yìn tó bá ti wọ́n omi sí i.

Ẹ̀yin, aṣọ alápá gígùn àti ìbòmú. Bí ẹ bá ti dé, ẹ bọ́ aṣọ oko síta, kí ẹ wẹ̀ kí ẹ tó jókòó.

Ẹ sì kó agbọ̀n wọ̀nyẹn kúrò nínú yàrá lálẹ́ òní. Ewúrẹ́ ni kí ẹ so.