Ìbéèrè Òǹkàwé: Ẹjọ́ Àtijọ́, Orúkọ Ẹni àti Google

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. London ni mò ń gbé, mo sì ní ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta èlò oúnjẹ. Ní ọdún 2009, ilé-ẹjọ́ bu owó ìtanràn lé mi nítorí pé mo gba owó ìrànwọ́ ilé tí kò tọ́ sí mi. Mo san ìtanràn náà, mo sì dá owó ìjọba padà. Títí di òní, ẹni tó bá tẹ orúkọ mi sórí Google, ìròyìn tí ìwé ìròyìn àdúgbò gbé jáde nígbà náà ni yóò kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú àwòrán mi bí mo ṣe ń jáde ní kóòtù. Ọmọ mi ti rí i. Ǹjẹ́ mo lè ní kí wọ́n yọ ọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ lè béèrè fún un, mo sì gbà pé ó tọ́ kí ẹ béèrè. Ẹjọ́ kan láti Spain ló la ọ̀nà náà. Ní ọdún 1998, ìwé ìròyìn La Vanguardia ti ìlú Barcelona tẹ ìkéde kékeré kan jáde, pẹ̀lú àṣẹ ìjọba, pé wọn yóò ta dúkìá ọkùnrin kan ní gbàǹjo nítorí gbèsè tó jẹ ìjọba. (N kò dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí orúkọ rẹ̀ yóò fi kún ọ̀rọ̀ yìí.) Nígbà tí yóò fi di ọdún 2010, ọ̀rọ̀ gbèsè náà ti parí tipẹ́, síbẹ̀ ìkéde yẹn ni Google ṣì ń gbé síwájú ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ rẹ̀ wá nǹkan. Àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ní Spain ní ìwé ìròyìn kò ṣẹ̀, nítorí òfin wà lẹ́yìn ohun tó tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Google yọ líǹkì náà. Google kò gbà, ọ̀rọ̀ sì dé Ilé-ẹjọ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní Luxembourg. Ní ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 2014, ilé-ẹjọ́ náà dájọ́ pé ẹni kọ̀ọ̀kan lè ní kí wọ́n yọ líǹkì tó ń jáde lórí orúkọ òun, bí ìsọfúnni ibẹ̀ kò bá wúlò mọ́ tàbí tó bá ti pọ̀ jù, àyàfi bí ipò tí ẹni náà dì mú láwùjọ bá mú kó tọ́ kí aráàlú mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ọgbọ́n ìdájọ́ yẹn wà lójú mi ni pé ìròyìn kò kúrò nínú ìwé ìròyìn. Ilé ṣì dúró; pátákó tó ń tọ́ka sí i láti ojú títì ni wọ́n yọ. Ẹni tó bá ń wádìí àwọn ẹjọ́ ọdún 2009 yóò ṣì rí ti yín, ṣùgbọ́n oníbàárà tó kàn fẹ́ mọ àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù yín kò ní fi ojú kóòtù pàdé yín.

Kò dájú pé wọn yóò gbà o. Ní ọdún 2018, Ilé-ẹjọ́ Gíga ní London gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníṣòwò méjì tí wọ́n pè ní NT1 àti NT2, tí àwọn méjèèjì ti ṣẹ̀wọ̀n rí. NT2 jàre, nítorí ó ti kábàámọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò sì kan iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́. NT1 jẹ̀bi, nítorí kò kábàámọ̀, ó sì ṣì wà lẹ́nu òwò. Ẹ̀yin náà wà lẹ́nu òwò, nítorí náà, nínú ìwé tí ẹ ó kọ sí Google, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀sùn náà kò wáyé. Ẹ kọ iye ọdún tó ti kọjá, ẹ kọ pé ẹ ti san gbogbo rẹ̀, kí ẹ sì sọ bí ó ṣe kan ọmọ yín.

Fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà lórí Google lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì di dandan kí ẹ gba lọ́yà. Àdírẹ́sì ojúewé ìròyìn náà gan-an ni kí ẹ dà kọ síbẹ̀, kì í ṣe ti ojúewé tí Google to èsì sí. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ICO, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bing, tí àwọn ènìyàn tún ń lò láti wá nǹkan bíi Google, ní fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní ọdún 2019, ilé-ẹjọ́ Luxembourg kan náà sọ pé òfin Yúróòpù kò fi dandan mú Google láti yọ líǹkì káàkiri àgbáyé, nítorí náà ẹbí yín tó bá wá orúkọ yín láti Nàìjíríà lè ṣì rí i.

ÌBÉÈRÈ: Akọ̀ròyìn ni mí ní Ìbàdàn. Ṣé kì í ṣe abẹ́ ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n yọ líǹkì yìí ni àwọn olóṣèlú tó kówó ìlú jẹ yóò sá sí?

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rù tó ń bà yín tọ̀nà. Lórí ìwé, ilẹ̀kùn ti tì mọ́ wọn: òfin Yúróòpù yọ òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ sílẹ̀, òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà ọdún 2023 náà sì yọ iṣẹ́ ìròyìn tó wà fún àǹfààní aráàlú sílẹ̀. Nínú Ìwé Òfin wa ti ọdún 1999, abala 37 dáàbò bo àṣírí ẹni, abala 39 sì dáàbò bo ọ̀rọ̀ sísọ.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ilé-iṣẹ́ aládàáni ló kọ́kọ́ ń ṣe adájọ́, akọ̀ròyìn kì í sì í sí níbẹ̀ láti rojọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn nígbà tí BBC tẹ àtòjọ àwọn ìròyìn rẹ̀ tí Google ti yọ jáde ní ọdún 2015, kí aráyé lè fojú ara wọn rí i. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg tún lọ jìnnà ju ọ̀rọ̀ líǹkì Google lọ: adájọ́ 12 nínú 17 gbà pé kò burú bí kóòtù Belgium ṣe ní kí ìwé ìròyìn Le Soir yọ orúkọ dókítà kan kúrò nínú ìròyìn ìjàǹbá ọkọ̀ ọdún 1994 tó wà nínú àkójọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn àwọn adájọ́ márùn-ún tí kò gbà ni mo wà. Kí wọ́n yọ líǹkì, mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń tún ìròyìn àná kọ lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹni tó lágbára yóò fi mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Bí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn bá dá ẹni tí ẹ ti kọ ìròyìn rẹ̀ sílẹ̀, ẹ padà sí ojúewé àkọ́kọ́ yẹn, kí ẹ kọ ọ́ sí òkè rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ìdájọ́ tuntun wáyé.