Bí ọkọ̀ bá ń yí sítíárìn fúnra rẹ̀, ta ni dírẹ́bà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Nọ́ọ̀sì ni ọkọ mi, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe níbí ní Houston. Ọdún méjì sẹ́yìn ló ra Tesla. Bó bá ń bọ̀ láàárọ̀, á tan Autopilot, ìyẹn ẹ̀rọ inú ọkọ̀ tó ń bá dírẹ́bà wakọ̀, á fẹ̀yìn ti àga, nígbà mìíràn á tún dijú díẹ̀. Ó ní ọkọ̀ náà mọ ọ̀nà ju òun lọ. Ọkàn mi kì í balẹ̀. Ṣé lóòótọ́ ló ń wa ara rẹ̀? Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ṣé ọrùn àwọn tó ṣe ọkọ̀ lẹ̀bi máa wà ni, àbí ọrùn ọkọ mi?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí nǹkan tó bàjẹ́. Iṣẹ́ tèmi ni títo kámẹ́rà àti rédà inú ọkọ̀ (rédà ni ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì rédíò wá ohun tó wà níwájú), pàápàá lẹ́yìn tí wọ́n bá pààrọ̀ gíláàsì iwájú. Mo mọ ohun tí ojú ọkọ̀ ń rí, mo sì mọ ohun tó máa ń fo ojú rẹ̀ dá. Ọkọ̀ náà kò wa ara rẹ̀. Ọkọ yín ló ń wà á, kódà nígbà tó dijú.

Ìpele 0 dé 5 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pín ọ̀rọ̀ yìí sí. Ìpele 2 ni Autopilot wà, ibẹ̀ náà sì ni èyí tí wọ́n ń pè ní Full Self-Driving (Supervised) wà, bí orúkọ rẹ̀ ti tóbi tó. Ní ìpele yìí, ọkọ̀ ń bá yín tẹ iná, ó ń bá yín tẹ bíréèkì, ó ń bá yín yí sítíárìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ṣì ni iṣẹ́ ṣíṣọ́ ọ̀nà. Láti ìpele 3 ni ọkọ̀ ti lè gba ìyẹn lọ́wọ́ èèyàn, fún ìgbà díẹ̀, ní ibi tí òfin bá fọwọ́ sí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni nǹkan tó dúró sójú kan. Afárá, pátákó ojú ọ̀nà, irin tí wọ́n fi dé kòtò, gbogbo wọn ló ń dá ìgbì rédà padà. Bí ọkọ̀ bá ń tẹ bíréèkì nítorí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kò sẹ́ni tó máa lè gùn ún. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń lo rédà ni wọ́n ṣe kó máa fojú fo ohun tí kò rìn, bí eré bá ti pọ̀. Ọkọ̀ panápaná tó dúró lójú márosẹ̀ lè bá ìyẹn lọ. Kámẹ́rà náà ní tirẹ̀. Ní Williston, Florida, lọ́dún 2016, tírélà funfun kan dábùú ọ̀nà lábẹ́ ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀ gbòò. Autopilot kò rí i, dírẹ́bà kò tẹ bíréèkì, ó sì kú.

Ẹ ṣírò ó pẹ̀lú mi. Bí ọkọ̀ bá ń sá 70 máìlì ní wákàtí kan, mítà 31 ló ń lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ọkọ yín dijú fún ìṣẹ́jú-àáyá 5 péré, ó ti gba ọ̀nà tó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ láìríran.

Dídára tí ẹ̀rọ náà ń dára gan-an ló ń kó bá èèyàn. Ẹ wo ọlọ́dẹ tí olè kò yọ lẹ́nu fún oṣù mẹ́fà, ẹ lọ yẹ̀ ẹ́ wò lágogo mẹ́ta òru. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n so nǹkan wíwúwo mọ́ sítíárìn rẹ̀, kó lè dà bíi pé ọwọ́ èèyàn wà níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Nítorí irú àìbojútó-ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni Tesla fi ní láti ṣàtúnṣe sí ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 2 ní Amẹ́ríkà ní Oṣù Kejìlá ọdún 2023, kí ọkọ̀ lè túbọ̀ máa ta dírẹ́bà jí.

Ní ti ẹ̀bi: ní Gardena, California, lọ́dún 2019, Tesla tí Autopilot rẹ̀ wà ní títàn kọjá iná pupa, ó pa èèyàn méjì. Dírẹ́bà ni ìjọba gbé lọ sílé-ẹjọ́ fún ẹ̀sùn ìpànìyàn. Lóòótọ́, ní Miami lọ́dún 2025, àwọn ará ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ jàǹbá kan tó ṣẹlẹ̀ ní Key Largo dá Tesla náà lẹ́bi, wọ́n ní kó san nǹkan bíi 243 mílíọ̀nù dọ́là. Tesla ní òun kò gbà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pín ẹ̀bi náà ni kí ẹ fi han ọkọ yín: ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti Tesla, ìdá 67 ni ti dírẹ́bà, tó ń wá fóònù tó já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ̀ a sì máa tọ́jú àkọsílẹ̀ bí ọwọ́ ṣe wà lórí sítíárìn, àwọn agbẹjọ́rò á sì béèrè fún un.

Ẹni tí oorun bá ti ń kùn kò yẹ kó wakọ̀ rárá, yálà ó ní Autopilot tàbí kò ní. Kó sùn fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀ níbi ìgbọ́kọ̀sí ilé ìwòsàn kó tó gbéra, kó rí i pé ojú òun ti dá. Bí kò bá dá, kó wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn wálé. Bó bá jiyàn, ẹ ní èmi ni mo ní kó lọ sùn.