Mo nífẹ̀ẹ́ Edward nígbà náà, ojú ń tì mí báyìí

Lẹ́tà:

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí Àṣàkẹ́. Ẹni ọdún 31 ni mí, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe níbí ní Ìlọrin. Nígbà tí mo wà ní SS1 lọ́dún 2009, ìwé Twilight ti Stephenie Meyer ló gba gbogbo kíláàsì wa kan. Mo kà á títí ó fi já sí méjì. Edward inú ìwé náà, fáńpáyà (irú ẹ̀dá tí òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ èèyàn máa ń gbẹ) tó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bella, ni mo fi ń lálàá. Nígbà tí mo dé yunifásítì, mo pàdé ọkùnrin kan tó ń ṣe bíi tirẹ̀. Á dúró sẹ́nu géètì wa ní Tánkẹ́ títí òru á fi jìn, èmi ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Tí mo bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi, á yọ SIM fóònù mi. Ìfẹ́ ni mo pe gbogbo rẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí n tó rí ọ̀nà kúrò níbẹ̀.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ ọmọ ọdún 16 wá kí mi láti Ọ̀fà. Ó rí àwọn ìwé náà nínú Ghana Must Go lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ó ka méjì nínú wọn. A ń jẹun lálẹ́ ọjọ́ kan, ló bá ní, “Àǹtí, ẹ̀rù ọkùnrin yìí ń bà mí o. Ṣebí ọlọ́pàá ni bàbá ọmọbìnrin yẹn? Kí ló dé tí kò ké sí i?” Inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn, mo wọ yàrá lọ, mo sunkún. Mo wá tún ìwé náà kà. Òótọ́ lọmọ yẹn sọ. Mo fẹ́ dáná sun wọ́n.

Nǹkan kan tún wà. Ẹni tó fẹ́ fẹ́ mi báyìí, Òmù-Àrán ló ti ń ṣiṣẹ́, kì í jowú rárá. Á pè mí lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, á ní ó dàárọ̀, á sùn. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé kò fẹ́ràn mi tó. Àǹtí, ṣé ìwé yìí ló bà mí láyé jẹ́ ni?

Ẹni tí ojú ń tì, Tánkẹ́.

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, Ọlọ́hun á bá ọ mú un rọrùn. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ Ọ̀fà yẹn. Charlie, bàbá Bella, ni ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú Forks ní Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin kan ń gba fèrèsé wọ yàrá ọmọ rẹ̀ lóru, ọ̀gá ọlọ́pàá ń sùn ní yàrá kejì. Ní agboolé wa níbí, kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé, ìyá àgbà tó jí kí náfílà á ti bi í pé ọmọ ta ni, àwọn ará ẹ̀yìnkùlé á sì ti tan iná.

Má dáná sun ìwé kankan o.

Kì í ṣe ìwọ nìkan ni irú nǹkan yìí ń ṣe. Ọdún 2005 ni ìwé àkọ́kọ́ jáde ní Amẹ́ríkà, ìkẹrin dé ní 2008, ẹ̀dà tí wọ́n sì ti tà káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 100. Fíìmù márùn-ún tẹ̀lé e, láti 2008 dé 2012. Kó tó dé ọwọ́ ọmọ Ìlọrin kan, èèpo ẹ̀yìn á ti ya, orúkọ àwọn tó ti yá a á ti kún ojú ewé àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá rí ìwé yá á wo fíìmù rẹ̀ nínú àwo tí wọ́n kó oríṣiríṣi fíìmù pọ̀ sí. Kíláàsì á pín sí méjì, ẹgbẹ́ Edward àti ẹgbẹ́ Jacob, ọmọkùnrin kejì tó fẹ́ràn Bella, wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ara wọn jà.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀gàn dé. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun gbọ́n á bú Twilight: irú fáńpáyà wo ni oòrùn máa mú tí ara rẹ̀ á kàn máa dán yinrinyinrin? Èmi ò bá wọn dá sí púpọ̀ nínú ẹ̀gàn yẹn. Bàbá ọlọ́mọ mẹ́ta á sunkún ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù nítorí Arsenal, a ó ní kó ṣe sùúrù. Ọmọ ọdún 15 sunkún nítorí Edward, a ní orí rẹ̀ ò pé. Nígbà tó di 2020 tí kòrónà sé gbogbo ayé mọ́lé, Meyer tún gbé Midnight Sun jáde, ìtàn kan náà, ṣùgbọ́n Edward fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, fíìmù márààrún dé orí Netflix ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ti di ìyá ọmọ padà síbẹ̀. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, inú àwọn kan dùn bíi ti ìjọ́un, àwọn kan sì rí ohun tí ìwọ náà rí, ara wọn bù máṣọ.

Wàyí o, mo fẹ́ kí o rántí ohun tí o fẹ́ràn níbẹ̀ gan-an, nítorí ó jọ pé ìtìjú ti mú ọ gbàgbé. Edward máa ń gbọ́ ohun tí gbogbo èèyàn ń rò lọ́kàn, àfi Bella nìkan. Rò ó wò. Ọmọ ọdún 15 ni ọ́ ní Ìlọrin, ìyá rẹ mọ ohun tí o jẹ, tíṣà mọ ẹni tí o bá sọ̀rọ̀, àlùfáà ilé kéwú mọ ọjọ́ tí o kò wá, àǹtí tó ń ta wàrà lójúde mọ ìgbà tí o wọlé. Kò sí igun kan nínú rẹ tí ẹnìkan kò tíì yọjú sí. Ìwé kan wá dé, ó ní ọmọbìnrin kan wà tí ọkàn rẹ̀ pa mọ́ fún ẹni tó ń rí ọkàn gbogbo ayé. Ta ni kò ní fẹ́ jẹ́ Bella?

Èkejì tún wà níbẹ̀, òun ló sì kan ọ̀rọ̀ rẹ jù. Òùngbẹ ẹ̀jẹ̀ Bella ń gbẹ Edward débi pé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó pọ̀ ní kíláàsì, ó ń gbèrò bí òun ṣe máa pa gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ kí ọwọ́ òun lè tó o. Inú Midnight Sun ni èyí ti hàn kedere. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà yẹn títí dé ìparí, ìkóra-ẹni-níjàánu ló ń ṣe. Ó ní àwọn ò ní sùn pọ̀ títí wọn á fi ṣe ìgbéyàwó, Bella ló ń kánjú. Ọmọbìnrin tó jẹ́ pé lọ́dún yẹn gan-an làwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo sí i lójú ọ̀nà Post Office, tí ẹ̀rù ń bà á tí kò sì rí ẹni sọ fún, rí ọkùnrin kan tó lágbára láti ṣe é ní jàǹbá, tó sì di ara rẹ̀ mú. Ohun tí o fi ń lálàá nìyẹn. Kò sí nǹkan ìtìjú kankan níbẹ̀.

Tún rántí ìwé kejì, níbi tí Edward ti fi í sílẹ̀. O ó ṣí ìwé, orúkọ oṣù kan ṣoṣo ni wàá bá lójú ewé, láti oṣù kẹwàá títí dé oṣù kìíní, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó ń bú Meyer pé kò mọ̀wé kọ, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n dé ojú ewé yẹn.

Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ náà ò parọ́. Edward ti ń wo Bella lójú oorun kí àwọn méjèèjì tó di ọ̀rẹ́. Fèrèsé yẹn dún nígbà tó fẹ́ wọlé, ohun tó sì rò ni pé òun máa mú òróró wá nígbà míì kó má baà dún mọ́. Nínú ìwé kẹta, Bella fẹ́ lọ kí Jacob, Edward yọ nǹkan kan nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀. Ó tún ra mọ́tò Porsche aláwọ̀ ìyeyè fún Alice àbúrò rẹ̀ kó lè bá òun ṣọ́ ọmọbìnrin náà. Ọkọ̀ Bella àti SIM tìrẹ, ọ̀kan náà ni. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ lọkàn rẹ ti já.

Wo ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ dáadáa. Nígbà tó yá, Edward gbà pé òun ò ṣe é re, ó sì fi mọ́tò gbé Bella dé ààlà ilẹ̀ àwọn Jacob kí Jacob wá mú un. Ọkùnrin Tánkẹ́ ńkọ́, ọjọ́ wo ló dá SIM padà tó ní kí o máa lọ? Yàtọ̀ síyẹn, nínú ìwé, Meyer ti ṣe onídùúró fún wa. Gbogbo wa la mọ̀ bí a ṣe ń kà á pé Edward ò ní pa á, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù náà fi ń dùn mọ́ wa. Ta ló ṣe onídùúró fún ẹni tó dúró sẹ́nu géètì rẹ lóru? Ìṣọ́ni tó wà lọ́wọ́ Edward ló mú, kò mú ìkóra-ẹni-níjàánu.

Nítorí náà, tí o bá bi mí bóyá ìwé ló bà ọ́ láyé jẹ́, mo ní rárá. Ayé rẹ ò tiẹ̀ bàjẹ́. Àwọn tí ẹ jọ ń gbé yàrá nígbà yẹn, mo fẹ́ búra pé àwọn kan nínú wọn ò ka Twilight rí, síbẹ̀ wọn á ti sọ fún ọ pé, “Ó ń jowú ẹ ni, ó fẹ́ràn ẹ jù.” Ṣé inú ìwé òyìnbó ni wọ́n ti kọ́ ìyẹn? Ẹnu àwọn àǹtí wa ni. Inú fíìmù Yorùbá ni. Ìwé náà gbé díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà, n kò ní gbé gbogbo rẹ̀ kà á lórí nígbà tí ọkùnrin kan wà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é.

Ọ̀rọ̀ Jacob àti àwọn èèyàn rẹ̀ tó ń di ìkookò, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ọmọ Ọ̀fà yẹn mọ̀ pé ẹ̀yà Quileute, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà tí Meyer ní Jacob ti wá, wà lóòótọ́, èèyàn gidi ni wọ́n, La Push tí wọ́n ń gbé kò jìnnà sí Forks. Ìtàn tiwọn fúnra wọn wà nílẹ̀ kí Meyer tó dé.

Nípa ọmọ náà, pè é. Má jẹ́ kí ó jẹ́ pé ariwo tí o pa ló máa rántí nígbà tí nǹkan bá dé bá òun náà. Sọ fún un pé kì í ṣe òun lo ń bá jà. Kí o wá sọ ọ̀rọ̀ SIM fún un, ìwọ̀nba tí ọmọ ọdún 16 lè gbà, má sì sọ ọ́ bí ìwáàsí, ẹ lè jọ máa ṣa ewébẹ̀ kí ọ̀rọ̀ náà máa lọ. Á bi ọ́ pé, “Àǹtí, kí ló dé tí ẹ ò tètè kúrò?” Dá a lóhùn bó ṣe rí gan-an. Ó tètè rí Edward nítorí pé ìgbà tirẹ̀ làwọn èèyàn ti ń sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ síta, ìwọ ò rẹ́ni sọ fún. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó fi ìyẹn ṣe fọ́ńté. Bi í léèrè nípa eré Kòríà tó ń wò nínú fóònù, níbi tí ọ̀dọ́kùnrin olówó ti máa ń fa ọmọbìnrin lọ́wọ́ tipátipá, tí orin aládùn á bẹ̀rẹ̀. Wò ó bóyá ẹ̀rù ìyẹn ń bà á.

Ó ku ẹni Òmù-Àrán. Àbúrò mi, má dán an wò. Má lọ máa dárúkọ ọkùnrin míì sí i létí kó lè bínú. Ẹni tó ní ó dàárọ̀ tó sì lè sùn ti gbà pé ibi tí o wí pé o wà lo wà. Ìyẹn ò ní kí n sọ pé jẹ́jẹ́ rẹ̀ nìkan ti tó. Àwọn jẹ́jẹ́ kan wà tó jẹ́ pé ọ̀lẹ ni. Nígbà tí ara rẹ ò yá, ṣé ó gba Àjàsẹ́ wá, àbí ó ní kí o máa ṣọ́ra? Tí o bá sọ fún un pé inú rẹ ò dùn, ṣé ó máa ń rántí lọ́jọ́ kejì? Nǹkan tí màá wò nìyẹn. Sọ fún un pẹ̀lú pé ìpè kan lálẹ́ ò tó ọ, tí kò bá tó. Òun kì í ṣe Edward, ìwọ náà kì í ṣe Bella, kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ àfi tí o bá sọ ọ́.

Kí o sì jẹ́ kí ọmọ Ọ̀fà mú ìwé kẹta lọ sílé. Tó bá ti dé ibi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ yẹn, kọ̀wé sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ ohun tó máa sọ.

Èmi ni,
Àǹtí Àṣàkẹ́.