Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Ṣé kí a ra iná sólà ni, àbí kí a háyà rẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ilé ara mi ni mò ń gbé, mo sì ti pinnu láti fi iná sólà sí i. Owó tí mo tọ́jú kò ju ìdajì iye tí wọ́n dá lé e lọ. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ bá mi ṣe é gbé ọ̀nà mẹ́ta kalẹ̀: kí n san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n san ìdajì, kí n sì fi ọdún méjì san ìyókù pẹ̀lú èlé 10% lọ́dún, tàbí kí n má san ohunkóhun sílẹ̀, kí n kàn máa san owó háyà lóṣooṣù fún ogún ọdún. Ọ̀nà kẹta ló wu ìyàwó mi, ṣùgbọ́n ogún ọdún ń bà mí lẹ́rù. Kí ni kí a ṣe?

ÌDÁHÙN: Ó dára bí ẹ ti béèrè kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ẹ̀rọ sólà sí ohun kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ohun mẹ́ta ni, ọjọ́ orí wọn kò sì dọ́gba. Páńẹ́lì orí òrùlé ló ń pẹ́ jù. Àwọn tó ń ṣe é sábà máa ń fún un ní wáráńtì ọdún 25, agbára rẹ̀ sì máa ń dín ní nǹkan bíi 0.5% lọ́dọọdún. Ìnfátà sábà máa ń lo ọdún 10 sí 15. Bátìrì ló ń kọ́kọ́ kú: èyí tó ń lo ásíìdì kì í sábà ju ọdún 3 sí 5 lọ, nígbà tí èyí tí wọ́n fi lithium ṣe lè lo nǹkan bí ọdún 10 bí a bá tọ́jú rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nínú àdéhùn sólà ni bóyá gbèsè bátìrì yóò pẹ́ láyé ju bátìrì náà lọ. Ẹni tó ń fi ọdún mẹ́fà san owó bátìrì tó kú ní ọdún kẹrin yóò máa san gbèsè òkú, yóò sì tún máa wá owó tí yóò fi ra òmíràn.

Sísan gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan ló dín owó kù jù, nítorí kò ní èlé nínú, ṣùgbọ́n owó yín kò tíì tó o, mi ò sì ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbọn àpò rẹ̀ gbẹ nítorí iná.

Ọ̀nà kejì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ bi wọ́n léèrè pé orí iye wo gan-an ni wọ́n ti ń ṣírò èlé 10% yẹn. Bí wọ́n bá ní orí gbogbo owó tí ẹ kọ́kọ́ jẹ ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a jẹ́ pé iye tí wọ́n pè é kọ́ ni iye tó jẹ́. Ẹ kà á sí pé 100 ni ẹ jẹ. Èlé ọdún méjì jẹ́ 20, àpapọ̀ rẹ̀ di 120, ìyẹn ni pé 5 ni ẹ óò máa san lóṣù kan fún oṣù 24. Nígbà tí ọdún kan bá fi máa pé, ẹ ti dá nǹkan bí ìdajì owó padà, síbẹ̀ èlé orí 100 ni ẹ ṣì ń san. Bí a bá ṣírò èlé náà lórí kìkì owó tó ṣẹ́ kù lọ́rùn yín lóṣooṣù, ó lé díẹ̀ ní 18% lọ́dún. Ilé ìfowópamọ́ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tó bá ní 14% ni òun ń gbà, ṣùgbọ́n tó ń ṣírò rẹ̀ lórí owó tó ṣẹ́ kù, yóò gba nǹkan bíi 115 lápapọ̀. Ẹ kò rí i pé oní-14% ló rọni lọ́rùn ju oní-10% lọ! Ẹ tún béèrè iye tí ẹni tó sanwó lẹ́ẹ̀kan ń san fún ẹ̀rọ kan náà, torí àwọn olùtajà kan máa ń fi èlé pamọ́ sínú iye ọjà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba ìwé ilé yín ṣe ìdógò kí èlé lè dín kù, èmi kò ní gbà: bátìrì kò tó ohun tí à ń fi ilé dúró fún.

Ní ti háyà, ìyàwó yín kò ṣìnà pátápátá, nítorí ilé-iṣẹ́ ló ni ẹ̀rọ, òun náà ló sì yẹ kó máa tún un ṣe. Ẹ wá gbólóhùn náà nínú ìwé àdéhùn pé òun ni yóò pààrọ̀ bátìrì àti ìnfátà láìgba owó mìíràn. Bí kò bá sí níbẹ̀, àǹfààní háyà ti lọ nìyẹn. Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá owó oṣooṣù yóò máa gòkè. Bí ó bá ń fi 3% lé lọ́dọọdún, 100 ti ọdún kìíní yóò ti di 175 ní ogún ọdún. Bí ẹ bá fẹ́ ta ilé láàárín ìgbà náà, ẹni tó fẹ́ rà á ní láti gba àdéhùn náà sọ́rùn, tàbí kí ẹ fi owó yọ ara yín. Níbi tí ìjọba bá sì ti ń fún àwọn tó lo sólà ní ìrànwọ́ owó, ẹni tó ni ẹ̀rọ ló sábà máa ń gbà á. Irú háyà kan wà tó sàn díẹ̀, níbi tí ẹ óò ti máa sanwó yúnìtì iná tí ẹ̀rọ bá mú wá nìkan, torí bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, owó náà dákẹ́.

Bí ó bá jẹ́ tèmi, ọ̀nà kejì ni n óò mú, ṣùgbọ́n n óò wá ẹni tó ń ṣírò èlé lórí owó tó ṣẹ́ kù. Bí mi ò bá rí i, n óò ra èyí tó kéré, pẹ̀lú ìnfátà tó lágbára tó láti gba bátìrì lithium mìíràn lọ́jọ́ iwájú.

ÌBÉÈRÈ: Ayálégbé ni mí, mo sì lè kó kúrò láàárín ọdún méjì. Ṣé sólà lè bá mi mu?

ÌDÁHÙN: Ó lè bá yín mu, bí ó bá jẹ́ èyí tó kéré tó láti gbé lọ. Àwọn kan ń tà á ní sísan díẹ̀díẹ̀ láti orí fóònù. Ẹ̀rọ náà yóò ti ara rẹ̀ pa bí owó kò bá wọlé, yóò sì di tiyín pátápátá nígbà tí ẹ bá san tán. Ẹ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí owó tí ẹ ti san bí ẹ kò bá lè parí rẹ̀. Bí páńẹ́lì yóò bá gun òrùlé, ẹ jẹ́ kí onílé kọ ọ́ sílẹ̀ pé tiyín ni, kí ó sì fọwọ́ sí i kí òṣìṣẹ́ tó gun àkàbà.