Ṣé abẹ́rẹ́ ìdí tí wọ́n fẹ́ fún ọmọ mi kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún un léwu?

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, màmá. Ẹ ní ọmọ oṣù márùn-ún ni, àti pé ní Kabba níbẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é. Abẹ́rẹ́ ìdí yìí (caudal) ni wọ́n ń gún sí ìsàlẹ̀ eegun ẹ̀yìn, kí ìsàlẹ̀ ara ọmọ má bàa mọ ìrora. Ewu ńlá kò wọ́pọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ mú ọmọ sùn, torí ta ló lè gún ọmọ tó ń jà?

Oògùn náà lè má ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọmọ lè bì, ìtọ̀ lè pẹ́, ẹsẹ̀ lè wúwo fún wákàtí bíi mélòó kan. Ẹsẹ̀ tó kú tipiri kò mọ iná o: ẹ má ṣe fi aṣọ gbígbóná jó o. Tó bá di wákàtí 8 tí kò ta ẹsẹ̀ rárá, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Kí ẹsẹ̀ rọ títí láé ṣọ̀wọ́n gan-an.

Èyí tí mo bẹ̀rù ni kí oògùn wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí kó pọ̀ jù. Ó lè fa gìrì, ó sì lè dá ọkàn dúró. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ni kò lágbára rẹ̀, torí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó. Bupivacaine, oògùn apàrora tí wọ́n sábà máa ń fi sínú abẹ́rẹ́ náà, kò gbọ́dọ̀ ju 2.5 mg lọ fún kílò kan. Fún ọmọ kílò 6, ìyẹn jẹ́ mílílítà 6 péré nínú èyí tó jẹ́ 0.25%. Ẹ rí i pé wọ́n wọn ọmọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ní Intralipid 20% nílẹ̀, ìyẹn omi ọlọ́ràá tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀; òun ni ẹ̀rọ̀ oògùn tó bá pọ̀ jù. Bí kò bá sí, èmi ò ní fọwọ́ síwèé. Bí oṣù rẹ̀ kò bá pé kẹ́ ẹ tó bí i, ẹ sọ fún wọn, torí èémí irú wọn lè dúró lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ.