"Wathint' abafazi, wathint' imbokodo": ìfaradà kọ́ ni wọ́n ń wí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹgbẹ́ obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ Zulu yìí sára aṣọ, ẹnì kan ní ó túmọ̀ sí pé àpáta ni obìnrin, kò sí ìyà tí ò lè fara dà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ti àpáta yẹn ò burú, àmọ́ ti ìfaradà yẹn, ẹni tó sọ ọ́ ti gbé e gba ibòmíì. Ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ ni o.

"Abafazi" ni àwọn obìnrin, "wathinta" ni o ti fọwọ́ kàn. "Imbokodo" ni wọ́n máa ń pè ní àpáta lédè òyìnbó, ṣùgbọ́n nídìí àdógán àwọn Zulu, òkúta ìlọkà ni, kì í sì í ṣe èyí tó wà nílẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ nǹkan ni, ìyẹn ọmọ ọlọ tiwa. Ẹni tó bá ti lọ ata rí mọ̀ pé ìyá ọlọ ló ń jókòó jẹ́jẹ́ gba gbogbo ẹ̀ mọ́ra, ọmọ ọlọ ló ń lọ tó ń bọ̀ tó ń run nǹkan wómúwómú. Wọ́n tún máa ń fi ìparí sí i, "uza kufa", o máa kú. Ibo ni ìfaradà wà níbẹ̀?

Inú orin tí àwọn obìnrin Gúúsù Áfíríkà kọ ní 1956 ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbajúmọ̀. Ẹni tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ni J.G. Strijdom, olórí ìjọba wọn nígbà yẹn, wọ́n tiẹ̀ dárúkọ ẹ̀ nínú orin náà. Ìjọba ẹ̀ fẹ́ kí àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú náà máa gbé páàsì kiri bíi ti ọkùnrin, ìwé tó ń sọ ibi tó o lè gbé àti ẹni tó ò ń ṣiṣẹ́ fún, tí ọlọ́pàá bá bá ẹ láìsí i lọ́wọ́, àtìmọ́lé tààrà ni, kò kàn wọ́n bóyá o fi ọmọ sílé. "Dompas" làwọn èèyàn ń pè é, páàsì òmùgọ̀.

Bí Lilian Ngoyi ṣe wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn, Ma Ngoyi lẹnu àwọn ará Soweto, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Johannesburg. Ìyá tó ń fi máṣíìnì ránṣọ ní ilé iṣẹ́ aṣọ ni, inú yúníọ̀nù àwọn aránṣọ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ. Ọdún 1952 ló wọ ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òyìnbó nílé ìfìwéránṣẹ́, wọ́n mú un. Nígbà tó fi máa di 1956 ó ti wọ ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ANC, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, obìnrin àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dìbò yàn síbẹ̀, ẹ sì rántí pé 1943 ni ẹgbẹ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ka obìnrin sí ọmọ ẹgbẹ́ gidi o, bẹ́ẹ̀ 1912 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀.

Ọjọ́ Thursday, 9 August 1956, òun, Helen Joseph, Rahima Moosa àti Sophia Williams kó bí 20,000 obìnrin lọ sí Union Buildings, ilé iṣẹ́ ìjọba ní Pretoria. Thursday ni wọ́n mú torí ọjọ́ yẹn làwọn ọmọ ọ̀dọ̀ máa ń gba ìsinmi. Ẹlòmíì pọn ọmọ ẹ̀, ẹlòmíì gbé ọmọ òyìnbó tó ń tọ́ dání wá. Wọ́n gbé ìdìpọ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì Strijdom, bàbá ò sí níbẹ̀, wọ́n kó o sílẹ̀ fún un. Wọ́n wá dúró fún ìṣẹ́jú 30 láìfọhùn. Gbogbo èrò yẹn! Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n wá kọrin.

Kí n má parọ́ fún yín, ìjọba ò tìtorí ẹ̀ yí padà. Strijdom kú lórí oyè ní August 1958, àwọn kan á máa ní orin yẹn ló jà á, àmọ́ àìsàn ló pa á, òfin páàsì ò sì bá a kú, 1986 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Ní December 1956 wọ́n mú Ma Ngoyi mọ́ àwọn 156 tí wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kàn nílé ẹjọ́, ẹjọ́ yẹn fà títí di 1961 kí wọ́n tó dá wọn láre. Nígbà tó yá wọ́n sé e mọ́ Orlando, àdúgbò ẹ̀ ní Soweto, kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ níwájú èrò, máṣíìnì ìránṣọ ẹ̀ nílé ló fi ń jẹun títí tó fi kú ní 1980.

Ohun tó ṣe tó sì dúró, lójú tèmi, ni pé ó mú àwọn aránṣọ, alágbàfọ̀ àti ọmọ ọ̀dọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò kà sí nínú ìṣèlú wá sí iwájú. Àtọdún 1995 ni ọjọ́ 9 August ti di họ́lídè àwọn obìnrin níbẹ̀.

Ti aṣọ yín, ẹ tẹ̀ ẹ́ o, ó dáa. Orí "imbokodo" ni kẹ́ ẹ parí ẹ̀ sí, ẹ má fi "uza kufa" kún un, àyàfi tí pásítọ̀ yín bá fara mọ́ ọn kí àwọn ìyá ìjọ wọ "o máa kú" jókòó lọ́jọ́ Sunday.