Jíà tí ẹ fi gòkè ni kí ẹ fi sọ̀kalẹ̀

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè bóyá Ford Model A ọdún 1930 tí bàbá wọn fi sílẹ̀ lè gba ọ̀nà Mámú láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbàdàn: ó lè gbà á. Agbára ẹṣin 40 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ní. Á rọra gun òkè náà. Sísọ̀kalẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rù.

Irú ọkọ̀ yẹn ni mo ń wà bọ̀ láti Ìbàdàn nígbà kan. Bí mo ṣe dé orí òkè kan lẹ́yìn Mámú, mo fi í sí fíríì kó lè máa yí lọ fúnra rẹ̀, torí mo fẹ́ ṣọ́ epo lò. A ò tíì sọ̀ dé ìdajì tí òórùn bíréèkì fi gba inú ọkọ̀. Mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ ò gbọ́. Mo ní kí n ti jíà padà, ó kàn ń han ni, kò wọlé. Ògiri ilẹ̀ pupa kan lẹ́bàá oko obì ló dá wa dúró. Ọmọ mi tó jókòó tì mí forí gbá gíláàsì. Àpá rẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀.

Jíà mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ yẹn kò ní ohun tó ń mú kí ìyípo eyín wọn dọ́gba bíi ti ọkọ̀ òde òní. Bí ọkọ̀ bá ti ń sáré ní fíríì, ó ṣòro kí jíà tó tún wọlé. Bíréèkì ńkọ́? Ọ̀pá irin ló ń fà á dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, agbára itan yín nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bí dúrọ́ọ̀mù, irin róbótó tó ń bá táyà yí, bá sì gbóná, ó ń fẹ̀ ni, á jìnnà sí ṣúù tó ń tẹ̀ mọ́ ọn láti dá a dúró.

Nítorí náà, kí ẹ tó yọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rárá, ẹ dẹ̀rìn, kí ẹ bọ́ sí jíà kejì. Bó bá ga gan-an, jíà kìíní. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ fà á sí fíríì, ẹ fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ẹ tẹ iná (ẹsẹ̀ epo) díẹ̀, ẹ tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ wá ti jíà wọlé. Ẹ́ńjìnnì á máa di ọkọ̀ mú. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì o: epo tí kò jóná á kó sínú sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, bí ẹ bá tún ṣí ẹ́ńjìnnì, á bú gbàù.

Ẹ gbé wẹ́ẹ̀jì onígi líle tí ẹ ó fi há táyà dání, bíi ti àwọn ọmọ mọ́tò ayé bọ́lẹ̀kájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ọmọdé kankan síwájú.